Ẹ̀rọ tí Nùrẹ́nì Yàn fún Ọkọ̀ Ọ̀gá

Yàrá méjì ni Bọ̀dá Nùrẹ́nì àti ìyàwó wọn, Àǹtí Hajarat, ń gbé nínú ilé wa ní ẹ̀yìn Iyana Iyesi. Ẹ jọ̀ọ́, bí mo bá kọ Nùrẹ́nì lásán láìfi Bọ̀dá sí i, tí mo sì ń kọ "ó" dípò "wọ́n", kí ìtàn má baà dàrú ni, kì í ṣe àfojúdi. Púpọ̀ nínú ohun tí mo kọ síbí, ẹnu àwọn méjèèjì ni mo ti gbọ́ ọ nígbà tí wọ́n ń sọ ọ́ fún bàbá mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Ìwó ni Nùrẹ́nì ti wá. Ilé iṣẹ́ kan ní Ṣàngó-Ọ̀tà, níbi tí wọ́n ti ń ṣe bọ́kẹ́ẹ̀tì àti abọ́ rọ́bà, ló ti ń ṣiṣẹ́. Bí ẹ̀rọ kan bá dákẹ́ níbẹ̀, òun ni wọ́n ń pè kí ó wá wo wáyà rẹ̀. Ọdún mẹ́sàn-án ló ti ń ṣe é, síbẹ̀ káṣúà ni. Káṣúà ni ẹni tí kò ní lẹ́tà. Láràárọ̀, akọ̀wé tó ń jẹ́ Kàsúmù á jókòó sí ẹ̀gbẹ́ géètì, á máa pe orúkọ láti inú ìwé ńlá kan. Ẹni tí ó bá pè á wọlé, ẹni tí kò bá pè á padà sílé.

Ní ọdún tó kọjá, ẹ̀rọ tí ń lọ rọ́bà gé ìka mẹ́ta lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Àpọ́nlé. Káṣúà ni òun náà. Wọ́n fi àkísà wé ọwọ́ rẹ̀, wọ́n gbé e sórí ọ̀kadà, wọ́n ní kó máa lọ sílé. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Kàsúmù fo orúkọ rẹ̀ bí ẹni pé kò fìgbà kan wà nínú ìwé náà. Láti ọjọ́ yẹn ni Nùrẹ́nì kò ti fẹ́ nǹkan mìíràn ju lẹ́tà lọ: bébà kan ṣoṣo tí yóò sọ pé òṣìṣẹ́ ni òun, tí ẹnikẹ́ni kò fi ní lè fo orúkọ òun bẹ́ẹ̀.

Ẹnjiníà Ọlábánjí ló ni ilé iṣẹ́ náà. Ọ̀gá ni gbogbo wọn ń pè é. Ọ̀gá ra ọkọ̀ ojú omi kékeré kan lọ́wọ́ òyìnbó kan tó ń padà sí ìlú rẹ̀. Ọkọ̀ onígbòkun ni, atẹ́gùn ló ń gbé e lọ. Etí ọ̀sà ní apá Àgbádárìgì ló so ó mọ́. Bí wọ́n bá ń lọ síbẹ̀ láti Ọ̀tà, ọ̀nà Alapoti ni wọ́n máa ń gbà. Ní ẹ̀yìn ọkọ̀ náà, pákó pẹlẹbẹ kan wà nínú omi tí wọ́n ń pè ní ìtọ́kọ̀. Ọ̀pá gígùn kan ti ara rẹ̀ wá sínú ọkọ̀. Bí ènìyàn bá ti ọ̀pá náà sí ọ̀tún, ọkọ̀ á yà sí òsì. Bí ó bá tì í sí òsì, ọkọ̀ á yà sí ọ̀tún. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ di ọ̀pá yìí mú ní gbogbo ìgbà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ọkọ̀ á máa lọ síbi tó wù ú.

Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, Ọ̀gá bá Nùrẹ́nì níbi tó ti fọwọ́ di wáyà kan mú láti àárọ̀ títí di ọ̀sán kí ẹ̀rọ má baà dúró. Ó wò ó fún ìgbà díẹ̀.

"Ìwọ yìí, o dà bí òpó. Wá bá mi ní Sátidé."

Bí Nùrẹ́nì ṣe di ẹni tí ń di ọ̀pá ìtọ́kọ̀ mú nìyẹn. Gbogbo Sátidé, Ọ̀gá á máa fa okùn ìgbòkun, á máa jẹ ẹran díndín, á máa mu nǹkan tútù láti inú kúlà, Nùrẹ́nì á sì jókòó sí ẹ̀yìn, ọwọ́ rẹ̀ á wà lórí ọ̀pá títí oòrùn á fi rọ̀. Kò mọ omi í wẹ̀. Jákẹ́ẹ̀tì tí kì í jẹ́ kí ènìyàn rì wà nínú ọkọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀kan péré ni, ara Ọ̀gá ló sì máa ń wà.

Ní Sátidé kan, Ọ̀gá nu ọwọ́ rẹ̀ tó kún fún ọ̀rá, ó ní, "Nùrẹ́nì, ó ti sú mi kí n máa rí ojú rẹ ní gbogbo ìgbà tí mo bá wà lórí omi. Mo fẹ́ máa dá wà."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ẹ̀rọ kan wà tó máa ń di ọ̀pá yìí mú fúnra rẹ̀. Ọ́tò ni wọ́n ń pè é. Ìwọ lo mọ̀ nípa iná. Bá mi yan èyí tó dáa, kí o sì gbé e sí i. Bí ó bá lè gbé ọkọ̀ yìí lọ tààrà fún wákàtí kan, màá fọwọ́ sí lẹ́tà rẹ."

"Lẹ́tà òṣìṣẹ́, sà?"

"Àbí lẹ́tà ìfẹ́ lo rò pé mo fẹ́ kọ sí ọ?"

Nùrẹ́nì rẹ́rìn-ín dé ilé. Ṣùgbọ́n Hajarat kò rẹ́rìn-ín.

"Bàbá Rúkáyà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un sọ kí n gbọ́ ọ dáadáa. Ẹ̀rọ tó máa gba iṣẹ́ lọ́wọ́ yín ni wọ́n ní kí ẹ lọ yàn?"

"Iṣẹ́ Sátidé kọ́ ni iṣẹ́ mi. Ilé iṣẹ́ ni iṣẹ́ mi wà."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún yín?"

"Ta ló tún gbọ́dọ̀ sọ ọ́? Ta ló ń tún ẹ̀rọ wọn ṣe?"

"Ẹ ṣáà ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun."

Nùrẹ́nì kò sọ fún Ọ̀gá kí ó kọ ọ́ sílẹ̀. Kì í lè bi Ọ̀gá ní ohun kan lẹ́ẹ̀mejì.

Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í wo oríṣiríṣi ọ́tò lórí fóònù. Ẹ̀rọ náà dà bí páìpù kúkúrú, kò gùn ju apá ènìyàn lọ. Ọ̀pá irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ń yọ jáde, ó ń wọlé padà láti ẹnu rẹ̀. Wọ́n á gbé ìdí rẹ̀ lé ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, wọ́n á fi ẹnu rẹ̀ há orí ìṣó kékeré kan lára ọ̀pá ìtọ́kọ̀. Kọ́ńpáàsì wà nínú ẹ̀rọ náà. Bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́, ọ̀nà tí ọkọ̀ dojú kọ ní ìṣẹ́jú yẹn ló máa dì mú. Bí atẹ́gùn bá yà á kúrò, kọ́ńpáàsì á mọ̀, ẹ̀rọ á ti ọ̀pá tàbí kí ó fà á títí ọkọ̀ á fi padà sójú ọ̀nà.

Kékeré kan wà, ńlá kan sì wà. Kékeré ni Ọ̀gá fẹ́.

"Wò ó bó ṣe mọ́ra. Kì í sì í jẹ iná. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó lè gbé irú ọkọ̀ mi."

"Ọkọ̀ tó ṣófo ni wọ́n ń sọ, sà," ni Nùrẹ́nì wí. "Tiyín ní bátìrì mẹ́ta. Ó ní kẹ́ẹ̀gì omi, ó ní ìdákọ̀ró àti ṣéènì rẹ̀. Kúlà wà níbẹ̀. Ẹ̀yin fúnra yín..."

"Èmi fúnra mi ńkọ́? Ṣé o ti ń wọn ara mi báyìí?"

"Rárá o, sà."

"Ìwọ tí o kò rí omi tó ju ìkòkò lọ rí kí o tó dé ọ̀dọ̀ mi."

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn Nùrẹ́nì lọ sọ́dọ̀ àwọn tí ń ra àlòkù irin ní Ṣàngó, ó yá òṣùwọ̀n onírin kan lọ́wọ́ wọn, irú èyí tí wọ́n fi ń kọ́ irin kí wọ́n lè mọ bó ṣe wúwo tó. Ní Sátidé tí atẹ́gùn ń jà, ó fi òṣùwọ̀n náà kọ́ ọ̀pá ìtọ́kọ̀ ní ibi tí ẹnu ẹ̀rọ máa wà gan-an, ó fà á, ó sì kà á. Nígbà tí atẹ́gùn rọra ń fẹ́, ogún kílò ni. Nígbà tó fẹ́ lójijì, ó di méjìdínláàádọ́ta. Ẹ̀rọ kékeré kò lè tì ju àádọ́ta lọ.

"Ọ̀gá, ẹ̀rọ tó bá ń lo gbogbo agbára rẹ̀ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ máa jóná. Irú rẹ̀ mọ́kànlá ni mo ti tú ní ilé iṣẹ́ yín."

"Ilé iṣẹ́ mi lo tún ń bú?" Ṣùgbọ́n Ọ̀gá wo òṣùwọ̀n náà títí. Ẹ̀rọ ńlá ni wọ́n rà.

Ibi tí Nùrẹ́nì ti ṣe àṣìṣe nìyí. Ní àdúgbò wa, ohun tó bá ti níye lórí, inú àgò irin ló ń gbé. Jẹnẹrétọ̀ ilé wa wà nínú àgò. Ẹ̀rọ tí ń fa omi wà nínú àgò. Bátìrì ìnfátà ìjọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa wà nínú àgò, àgádágodo méjì ló sì wà lẹ́nu rẹ̀. Nùrẹ́nì rò ó pé ọkọ̀ náà á máa wà létí omi láti Àìkú títí di Jímọ̀, pé oorun ni ẹni tí ń ṣọ́ ọ máa ń sùn. Bí wọ́n bá jí ẹ̀rọ náà, a jẹ́ pé lẹ́tà lọ nìyẹn. Ó wá mú ìwọ̀n rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ Fàlílù, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó jẹ́ wẹ́dà ní Ṣàngó.

"Ọmọ Ìwó, kí lo fẹ́ tì mọ́ inú rẹ̀? Ajá?" ni Fàlílù bi í.

"Ẹ̀rọ Ọ̀gá ni."

"Ọ̀gá tí kò fún ọ ní lẹ́tà láti ọdún mẹ́sàn-án, ìwọ lo wá ń kọ́lé fún ẹ̀rọ rẹ̀."

"Ṣe é kó lágbára, jọ̀ọ́."

"Tí mo bá jó o tán, erin gan-an ò ní lè ṣí i."

Irin ni Fàlílù fi ṣe àgò náà, irin ló fi ṣe apá tí ìdí ẹ̀rọ máa jókòó lé. Ó kùn ún ní búlúù. Ìwé kan bá ẹ̀rọ náà wá, wọ́n sì kọ ọ́ síbẹ̀ ní lẹ́tà kéékèèké pé irin kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ ọn. Nùrẹ́nì kò kà á. Ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n èdè Ṣáínà ni ìwé gbogbo ẹ̀rọ tó wà ní ilé iṣẹ́ wọn, ó sì ti mọ́ ọn lára láti máa wo àwòrán wáyà nìkan. Àwòrán wáyà yẹn ló wò. Ó so wáyà méjèèjì bó ṣe yẹ, ó ti ẹ̀rọ mọ́ inú àgò, ó fi kọ́kọ́rọ́ sí àpò.

Ọjọ́ Sátidé tí wọ́n máa dán an wò, Ọ̀gá pe ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó ń jẹ́ Ephraim, tó ní ilé ìtẹ̀wé. Ephraim rí àgò búlúù náà, ó fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Bánjí, ta ló fi ẹ̀rọ rẹ sẹ́wọ̀n?"

"Nùrẹ́nì ni. Ó ní kí wọ́n má baà jí i."

"Ó dáa. Ẹ jẹ́ kí ẹlẹ́wọ̀n wa wa ọkọ̀ ká wò ó."

Nùrẹ́nì ti ìka bọ àárín irin àgò, ó tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rọ náà ké wẹ́ẹ́, ó ti ọ̀pá díẹ̀, ó dúró. Ọkọ̀ lọ tààrà, Ọ̀gá sì pàtẹ́wọ́. Kò pẹ́, ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yà sí òsì, díẹ̀díẹ̀ ní àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà ó yà gidi. Ẹ̀rọ náà ń tì, ó ń fà, ṣùgbọ́n ibi tó ń darí ọkọ̀ lọ kọ́ ni ibi tí wọ́n yàn fún un. Níwájú wọn ni igi tí àwọn apẹja rì mọ́lẹ̀ láti fi na àwọ̀n wà.

"Yọ ọ́! Yọ ẹ̀rọ yẹn kúrò!" ni Ọ̀gá kígbe.

Láti yọ ẹ̀rọ náà kò le. Ènìyàn á kàn gbé ẹnu rẹ̀ sókè kúrò lórí ìṣó, á sì fọwọ́ di ọ̀pá mú. Ṣùgbọ́n ó wà nínú àgò, ihò tí ìka gbà wọlé kò sì gba ọwọ́. Nùrẹ́nì fa kọ́kọ́rọ́ yọ, ó kánjú débi pé kọ́kọ́rọ́ kò wọ ojú àgádágodo. Kí ó tó ṣí i, ọkọ̀ ti wọ àárín igi lọ, àwọ̀n ti lọ́ mọ́ ìtọ́kọ̀, ìsàlẹ̀ ọkọ̀ sì ti fìdí sọlẹ̀ nínú ẹrẹ̀. Àwọn apẹja méjì tó wà nínú ọkọ̀ ọlọ́pọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣépè.

"Bọ́ sílẹ̀ kí o tì wá," ni Ọ̀gá wí.

"Ọ̀gá, n kò mọ omi í wẹ̀."

"Ta ló ní kí o wẹ̀? Rìn ni mo ní kí o rìn."

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ yá mi ní jákẹ́ẹ̀tì yẹn."

Ọ̀gá wo jákẹ́ẹ̀tì tó wà lára rẹ̀. "Tí mo bá bọ́ ọ, kí lèmi máa wọ̀?"

Nùrẹ́nì bọ́ sínú omi. Omi mù ún dé àyà, ẹsẹ̀ rẹ̀ rì sínú ẹrẹ̀, omi sì dé ọrùn rẹ̀. Ó fi èjìká ti ọkọ̀. Nígbà kọ̀ọ̀kan tí ìgbì kékeré bá dé, á gbé àgbọ̀n sókè kí ó lè mí. Ephraim ti gbé fóònù sókè.

"Nùrẹ́nì, wo ibí! Rẹ́rìn-ín díẹ̀! Ọkọ̀ wo lò ń wà, ti orí omi ni àbí ti abẹ́ omi?"

Àwọn apẹja náà ló wá fi okùn fà wọ́n jáde níkẹyìn. Ọ̀kan nínú wọn fa Nùrẹ́nì sókè ní ọrùn aṣọ bí ẹni fa àpò ẹ̀gẹ́. Wọ́n padà dé etí omi. Níbẹ̀ ni Ọ̀gá ti yíjú sí Nùrẹ́nì.

"Sátidé kan ṣoṣo ló kù fún ọ. Bí ó bá tún yí, má wá sí géètì mi mọ́."

Ní àárọ̀ Mọ́ńdè, fídíò tí Ephraim yà ti dé ilé iṣẹ́. Kàsúmù pe orúkọ gbogbo ènìyàn tán kí ó tó pe tirẹ̀, ó sì ní, "Ẹja Ìwó, wọlé." Gbogbo ẹni tó wà lẹ́nu géètì ló rẹ́rìn-ín.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Nùrẹ́nì gbé ẹ̀rọ jáde sí iwájú yàrá rẹ̀, ó so ó mọ́ bátìrì ọ̀kadà. Nọ́ńbà tí kọ́ńpáàsì ń kà hàn lójú rẹ̀: àádọ́rùn-ún. Ó gbé àgò náà sún mọ́ ọn. Nọ́ńbà di ọgọ́rùn-ún kan àti mẹ́rìnlá. Ó fi àgò bò ó pátá, ó di ọgọ́rùn-ún kan àti mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Ó mú àgò kúrò, ó padà sí àádọ́rùn-ún. Ó mú ọ̀bẹ ìdáná Hajarat, ó fi í lọ, ó fi í bọ̀, nọ́ńbà ń tẹ̀lé ọ̀bẹ bí ajá. Ó wá jókòó sílẹ̀. Irin ló ń tan kọ́ńpáàsì náà jẹ. Ẹ̀rọ kò ní àléébù kankan.

Hajarat dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò ó.

"Ṣé ẹ ti rí i?"

"Mo ti rí i. Àgò ni. Màá fi igi ṣe apá tó máa jókòó lé, màá fi ìṣó idẹ kàn án. Kò ní yí mọ́."

"Ẹ dá àgò náà padà sí i."

"Kí ló dé?"

"Bí ó bá ń yí, ta ni wọ́n máa pè kó wá di ọ̀pá mú fún wọn? Ẹ̀yin náà ni."

"Ọ̀gá ní kí n má wá mọ́ bí ó bá tún yí."

"Wọ́n á sọ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Títí Tọ́sìdeè wọ́n á ti ránṣẹ́. Wọn ò lè dá wa ọkọ̀ yẹn. Ṣùgbọ́n bí ó bá lọ tààrà, Bàbá Rúkáyà, kí ni wọ́n tún fẹ́ fi yín ṣe?"

"Wọ́n á fọwọ́ sí lẹ́tà. Wọ́n ṣèlérí."

"Wọ́n fi yín sínú omi dé ọrùn, wọ́n ń yà yín ní fídíò."

Nùrẹ́nì ń wo nọ́ńbà tó wà lójú ẹ̀rọ náà. Ó sọ fún bàbá mi lẹ́yìn náà pé òun mọ̀ pé òótọ́ ni Hajarat ń sọ, ṣùgbọ́n òun kò tíì mọ ohun tó ṣe ẹ̀rọ kan rí kí òun sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn iṣẹ́, ó lọ sọ́dọ̀ káfíńtà, ó ra ìrókò.

Ọ̀gá nìkan ló wá ní Sátidé tó tẹ̀lé e. Atẹ́gùn ń fẹ́ déédéé. Nùrẹ́nì kò kàn tẹ ẹ̀rọ lójú ẹsẹ̀. Ó kọ́kọ́ di ọ̀pá mú fúnra rẹ̀, ó sì ní kí Ọ̀gá tú okùn ìgbòkun ńlá díẹ̀, kí ó tún tú díẹ̀ sí i, títí ọ̀pá fi fúyẹ́ débi pé ìka méjì tó o.

"Ọ̀gá, ibí ni kí ẹ ti gbé e lé ẹ̀rọ lọ́wọ́. Bí ọ̀pá bá ń bá yín jà, á bá ẹ̀rọ náà jà, á sì jẹ gbogbo bátìrì yín. Kì í ríran, sà. Bí igi bá wà níwájú, yóò gbá a. Ẹ gbọ́dọ̀ máa wo iwájú. Bí ẹ bá sì dá wà, ẹ fi okùn so ara yín mọ́ ọkọ̀, torí bí ẹ bá já sómi, kò ní dúró dè yín. Yóò máa lọ ni."

"Ṣé kò ní wá mi?"

"Kò mọ̀ yín, sà."

Ó tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rọ náà ké wẹ́ẹ́, ó rọra ti ọ̀pá, ó fà á padà. Ọkọ̀ lọ tààrà. Nùrẹ́nì wo ẹ̀yìn, ó rí ojú ipa ọkọ̀ lórí omi, ó gùn, kò wọ́. Òun fúnra rẹ̀ kò darí ọkọ̀ náà tó bẹ́ẹ̀ rí. Ọ̀gá jẹ ẹran rẹ̀ tán, ó mu omi díẹ̀, ó na ẹsẹ̀. Ó mú bírò funfun kan láti inú báàgì, ó tẹ̀ síwájú, ó sì kọ NURENI gàdàgbà sára ẹ̀rọ náà.

"Nùrẹ́nì tuntun nìyí. Kì í jẹun, kì í sọ̀rọ̀, kì í sì í rùn."

Nùrẹ́nì rẹ́rìn-ín. Ẹni tí ọ̀gá rẹ̀ bá ń ṣàwàdà máa ń rẹ́rìn-ín. Kò mọ ohun tó yẹ kí ó fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe, ó gbé e lé itan.

Lẹ́yìn ìgbà pípẹ́, Ọ̀gá na ìka, ó tẹ bọ́tìnì tó ń yí ọkọ̀ padà. Ọkọ̀ rọra yí, ó dojú kọ ibi tí wọ́n ti wá.

"Ọ̀gá, lẹ́tà yẹn ńkọ́, sà?"

"Lẹ́tà wo?"

"Ẹ ní bí ó bá lọ tààrà fún wákàtí kan."

Ọ̀gá wo aago ọwọ́ rẹ̀. "Ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlọ́gọ́ta ni."

"Ẹ̀yin lẹ tẹ̀ ẹ́ kó yí padà, sà."

"Ó yí àbí kò yí?"

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́."

"Gbọ́, Nùrẹ́nì." Ọ̀gá kò bínú, ohùn rẹ̀ tutù bí ẹni ń ṣàlàyé nǹkan fún ọmọdé. "Ní oṣù kejì, Kàsúmù mú orúkọ ogún káṣúà wá kí n dá wọn dúró. Ìwọ lo ṣáájú. Èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi yọ orúkọ rẹ kúrò. Ṣé nítorí wáyà ni? Gbogbo ènìyàn ló mọ wáyà í so. Ọwọ́ tó ń di ọ̀pá yìí mú ni mo fi ọ́ sílẹ̀ fún." Ó fi ọwọ́ lu ẹ̀rọ náà pẹ́pẹ́. "O ti ra ọwọ́ mìíràn fún mi. O ṣeun. Iṣẹ́ tó dáa lo ṣe."

Ìrìn àjò padà gba wákàtí kan kó tó tán, wọ́n sì jókòó síbẹ̀, àwọn méjèèjì, ẹ̀rọ náà ń ké wẹ́ẹ́, ó ń dákẹ́. Nígbà tí wọ́n dé etí omi, Ọ̀gá ní kí ó gbé kúlà sínú mọ́tò. Ó gbé e.

Ní Mọ́ńdè, Kàsúmù pe orúkọ títí ó fi pa ìwé dé.

"Ẹ ò tíì pè mí," ni Nùrẹ́nì wí.

"Kò sí Nùrẹ́nì níbí."

"Ẹ wo ojú ìwé kejì, ẹ jọ̀ọ́."

"Mo ní Nùrẹ́nì ti wà lórí omi! Àbí mélòó ni yín?" Àwọn tó ń wọlé rẹ́rìn-ín, wọ́n ń lọ. Ọkọ̀ akẹ́rù kan fọn fèrè fún un kí ó kúrò lójú ọ̀nà.

Láti ìgbà náà ló ti ń jí jáde ní kùtùkùtù, á lọ dúró lẹ́nu géètì àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn pẹ̀lú àwọn ọkùnrin tí kò tó ọjọ́ orí rẹ̀. Ọjọ́ mìíràn wọ́n á mú un, ọjọ́ mìíràn wọn kò ní mú un. Ní Sátidé, inú ilé ló máa ń wà.

Sátidé kan ni fóònù rẹ̀ dún lọ́sàn-án, òun àti Hajarat ń ṣa ìrẹsì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Èmi àti bàbá mi wà níbẹ̀, a gbọ́ ohùn Ọ̀gá láti inú fóònù náà, bí atẹ́gùn ṣe ń jà lẹ́yìn rẹ̀ tó.

"Nùrẹ́nì! Ẹ̀rọ yìí ń ké! Ọkọ̀ ti dẹ̀gbẹ́, omi ń wọlé! Kí ni kí n ṣe?"

Nùrẹ́nì dìde dúró. "Ṣé ẹ ti so ara yín mọ́ ọkọ̀?"

"Rárá!"

"Ẹ kọ́kọ́ so ara yín, sà. Ẹ tú okùn ìgbòkun ńlá. Ẹ tú u pátá, ẹ jẹ́ kó máa lu ara rẹ̀. Ṣé ẹ ti tú u? Ó dáa. Ẹ gbé ẹnu ẹ̀rọ sókè kúrò lórí ìṣó. Sókè, sà, ẹ má fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ fi ọwọ́ di ọ̀pá mú, ẹ rọra dojú ọkọ̀ kọ atẹ́gùn. Ẹ má kánjú."

A gbọ́ aṣọ ìgbòkun tó ń lu ara rẹ̀, a gbọ́ bí Ọ̀gá ṣe ń mí.

"Ó ti dìde," ni Ọ̀gá wí. "Ó ti dìde dúró."

"Ọlọ́run ṣeun, sà. Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, nípa lẹ́tà yẹn..."

Fóònù ti kú. Nùrẹ́nì mú un kúrò létí, ó wò ó, ó sì tún gbé e sétí.

"Gbogbo rẹ̀ lẹ sọ fún wọn?" ni Hajarat bi í.

"Ọkọ̀ náà ì bá dojú dé."

"Kó dojú dé!" Hajarat da ìrẹsì sílẹ̀. "Kó dojú dé, Bàbá Rúkáyà! Kí ni wọ́n fún yín?"

Ó gba fóònù náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó wá nọ́ńbà Ọ̀gá rí, ó pa á rẹ́, ó sì dá fóònù padà fún un. Nùrẹ́nì kò bá a jà. Ó jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa ìrẹsì tó dà sílẹ̀. Ó ti mọ nọ́ńbà náà sórí.